Ìpè Ẹlẹ́ẹ̀kẹta: Ọgbọ̀n Ọdún Mi Lọ́dọ̀ Dókítà Lín

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní St. Albans, ní Queens níbí, ló bẹ̀ mí. Wọ́n ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì kọ ìtàn iṣẹ́ wa sílẹ̀ fún àwọn tí kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọn yóò yàn, wọ́n sì ní kí n má jẹ́ kó gùn. Ẹ forí jì mí. Ẹni tó bá ní kí arúgbó sọ̀rọ̀ ní ṣókí kò tíì bá arúgbó gbélé rí.

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò àrùn kan ní Manhattan, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Bí mo ṣe wọlé síbẹ̀ kò ní ìtàn gígùn nínú: wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa fọ ìgò, èmi náà ń wá owó rẹ́ǹtì. Sáyẹ́ǹsì tí mo kà ní Abẹ́òkúta kò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn nígbà náà. Owó oṣù ibẹ̀ kò pọ̀, kò sì jẹ́ kí ebi pa wá.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá mi ni mo fẹ́ sọ. Dókítà Lín là ń pè é, obìnrin ará Ṣáínà, kúkúrú, tín-ín-rín, tó máa ń wọ bàtà rọ́bà tí kì í dún. Tèmi ló ń dún ko, ko, ko. Gbogbo ibi iṣẹ́ ló mọ ẹsẹ̀ mi. Ìlú kan létí odò ní gúúsù Ṣáínà ni wọ́n ti bí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń kó àjàkálẹ̀ àrùn wọ ìlú, ó sì fi gbogbo ayé rẹ̀ lé wọn kiri. Gẹ̀ẹ́sì là ń bá ara wa sọ, Gẹ̀ẹ́sì kò sì mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, ẹ̀yin ni mo ń pè é láti ọjọ́ kìíní, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe kọ ọ̀rọ̀ tí mo bá a sọ níhìn-ín.

Lọ́jọ́ kìíní yẹn, ó bi mí pé, "Kí lorúkọ rẹ?"

"Flo, mà." Bí wọ́n ṣe gé Florence mi kù nìyẹn.

"Kí ni ìyá rẹ ń pè ọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà bá mi lójijì. "Àbẹ̀kẹ́," ni mo wí.

"Àbẹ̀kẹ́," ni òun náà wí.

Orí mi wú. Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí, ẹ má bínú, àwọn ọmọ tí mo bí nínú ara mi kò lè pe orúkọ yẹn kó dún. Ńṣe ni wọ́n ń tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí ẹní. Obìnrin yìí pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sọ̀ kalẹ̀ níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀, ó gòkè níbi tó yẹ kó gòkè, àfi bí ẹni pé ìyá mi ló dúró nídìí ààrò lẹ́yìnkùlé wa. Ó ní èdè tiwọn náà ń lọ sókè sódò, pé etí àwọn ti mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ti ìyá rẹ nìyẹn. Kó máa wà lọ́wọ́ ìyá rẹ. Flo ni màá máa pè ọ́." Kò sì tún pe orúkọ náà mọ́, títí ọdún fi gorí ọdún. Mo gbàgbé pé ó mọ̀ ọ́n.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi fọ ìgò kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ohun tó wà nínú ìgò. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, mo fara dà á. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń se oúnjẹ tí àwọn kòkòrò náà ń jẹ, tí yóò dì nínú àwo bí ẹ̀kọ tútù. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi wáyà tín-ín-rín fa itọ́ aláìsàn sójú oúnjẹ náà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ojú rẹ̀ má baà ya. Bó bá ya, a ó dà á nù, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá kó tó di ọ̀sán. Mo lọ sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo bú u dáadáa lédè Ẹ̀gbá, mo nu ojú mi, mo padà sídìí àwo.

Ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ kan ju gbogbo òfin yòókù lọ. Bí èèyàn bá fẹ́ gbé ìgò fún ẹnìkejì, yóò pe nọ́ńbà ara ìgò náà sókè. Ẹni tó fẹ́ gbà á yóò dì í mú, yóò sì pe nọ́ńbà kan náà padà. Ìgbà tí ìpè bá ti rí ìdáhùn ni ẹni àkọ́kọ́ tó lè jọ̀wọ́ rẹ̀. Kí èèyàn kàn mi orí kò tó. Mo mi orí lọ́jọ́ kan, Dókítà Lín kò jọ̀wọ́ ìgò. Àwa méjèèjì dì í mú bí ọmọdé méjì tó ń du ẹran, títí mo fi la ẹnu. Bí ìdáhùn bá sì ti pé, yóò sọ ọ̀rọ̀ kékeré kan lédè Ṣáínà, wúyẹ́wúyẹ́, kó tó fi sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé èébú ni.

Ọdún kẹfà ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi, lọ́jọ́ tí yìnyín já títí tí ọkọ̀ kò lè rìn, tí a há mọ́ ibi iṣẹ́. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, àrùn onígbáméjì wọ ìlú wọn, ó sì mú àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Nílùú wọn, bí ọmọdé bá ń ṣàìsàn, wọ́n á ní ẹ̀mí rẹ̀ ló ṣáko lọ. Ìyá yóò dúró lójúde, yóò máa pe orúkọ ọmọ náà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wà nínú ilé tí yóò máa dáhùn pé, "Ó ti padà dé."

"Èmi ni wọ́n fi sínú ilé kí n máa dáhùn," ni ó wí. "Ó ti rẹ̀ mí. Mo sùn lọ. Ìyá mi pè títí, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Àbúrò mi kú kó tó di ọjọ́ kejì."

"Ẹ̀yin náà mọ̀ pé onígbáméjì ló pa á, mà. Kòkòrò ni."

"Mo mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ. Òun ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́." Ó ń nu awò ojú rẹ̀. "Síbẹ̀, ó yẹ kí n dáhùn."

Ọ̀rọ̀ kékeré tó máa ń sọ kó tó jọ̀wọ́ ìgò nìyẹn: Ó ti padà dé. Láti ọjọ́ náà n kò fi òfin rẹ̀ ṣeré mọ́.

N ò sọ tiwa fún un. Nílé wa, òdìkejì rẹ̀ ni. Bí o bá gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ rẹ, tí o ò rí ẹni tó pè, o ò gbọdọ̀ dáhùn. Ìyá mi fi ìkìlọ̀ yẹn tọ́ gbogbo wa dàgbà. Òun fúnra rẹ̀ kì í sì í pe èèyàn dé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lásán: èkínní ìpè ni, èkejì ìkìlọ̀, ìfọ́tí ló ń bá ẹ̀kẹta rìn.

Iṣẹ́ náà ní ẹ̀rù tirẹ̀, n ò ní parọ́ fún yín. Mo ti jókòó níwájú àwo kan tí ohun inú rẹ̀ ń dàgbà, tó ń dán bí ìrì àárọ̀, tí ẹni tó ni itọ́ náà sì ti wà nínú ilẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún kan, àwọn kannakánná bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ láti ojú ọ̀run ní Queens. Mo bá mẹ́ta nínú ọgbà wa, ojú wọn là sílẹ̀. Ẹ̀fọn ló ń gbé àrùn náà kiri, ṣùgbọ́n kí a tó mọ̀, a ti ń jí láàárọ̀ tí a kì í gbọ́ igbe ẹyẹ kan ládùúgbò. Ọjọ́ mẹ́rin ni Dókítà Lín kò fi dé ilé rẹ̀. Ó ń rìn láàárín àwọn ọ̀rá òkú ẹyẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún, ó ń pe nọ́ńbà, à ń dáhùn.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ dé. A ò dúró kí nǹkan dàgbà nínú àwo mọ́. A ó ki ìgò sínú ẹ̀rọ, yóò máa kùn bí oyin, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti tẹ èsì jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ tuntun ń fi iná pupa ka nọ́ńbà ara ìgò, wọ́n ń fi ìpè àti ìdáhùn wa ṣe yẹ̀yẹ́. Dókítà Lín ní, "Ẹ̀rọ lè kàwé. Kò lè dáhùn." Òfin náà dúró.

Ọdún kòrónà ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n ti ìlú pa ni ìyá mi kú ní Abẹ́òkúta. Kì í ṣe kòrónà. Ọjọ́ ogbó ni. Bàálù kò fò. Orí fóònù ni mo ti wo bí wọ́n ṣe gbé ìyá mi wọ ilẹ̀, àwòrán náà ń dúró, ó ń lọ. Ibi tí wọ́n ti ń bu iyẹ̀pẹ̀ ló dúró sí pátápátá. Lọ́jọ́ kejì mo lọ síbi iṣẹ́, nítorí ta ni yóò ṣe é? Ìdajì wa ló wà lórí àìsàn.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni. Èmi àti Dókítà Lín nìkan la wà ní àjà karùn-ún. Manhattan dákẹ́ bí ìlú tí wọ́n sá fi sílẹ̀. Ọkọ̀ ńlá oníyìnyín tí wọ́n ń kó òkú sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù tó kọjú sí wa, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn láìdúró. Dókítà Lín ní kí n lọ jẹun. Mo lọ jókòó síbi ìjẹun tó wà ní òdìkejì ilé, oúnjẹ kò lọ, oorun ló gbé mi. Ó lé ní wákàtí kan kí n tó jí.

Kọ́rídọ̀ tí mo gbà padà kò ní fèrèsé. Iná ibẹ̀ máa ń tàn fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá ń rìn, á sì kú bí èèyàn bá dúró. Mo ń lọ, ko, ko, ko, iná ń tàn níwájú mi. Nígbà náà ni mo gbọ́ ọ.

"Àbẹ̀kẹ́."

Ohùn náà tín-ín-rín, ó ń ti inú ògiri bọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ níbi tó yẹ, ó gòkè níbi tó yẹ. Ní gbogbo New York, kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń pè mí bẹ́ẹ̀ láyé, mo sì ti wo bí wọ́n ṣe ń bu iyẹ̀pẹ̀ lé e lórí.

Mo dúró. Iná kú.

"Àbẹ̀kẹ́."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi kí n má baà ṣèèṣì dáhùn, mo sì sá. N ò dúró de ẹlifétọ̀. Àtẹ̀gùn ni mo gbà, láti àjà karùn-ún dé ìsàlẹ̀, títí mo fi dé ilẹ̀kùn àbájáde. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn náà, afẹ́fẹ́ títì ti fẹ́ sí mi lójú. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, kò sì tín-ín-rín mọ́.

"Àbẹ̀kẹ́!"

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi gbóná, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó gbá mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi yí padà bí ti ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ìyá rẹ̀ ti pè dé ẹ̀ẹ̀kẹta. Mo ń gun àtẹ̀gùn, mò ń sunkún. Nígbà tí mo padà dé kọ́rídọ̀, mo rí ohun tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí. Àpótí tí a fi ń dá ilẹ̀kùn yàrá òtútù dúró ti yọ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀kùn sì ti pa dé. Yàrá yẹn ni a ń kó ìgò àyẹ̀wò pamọ́ sí, ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ti bàjẹ́ nínú láti oṣù tó ṣáájú. Ẹni tó ń tún un ṣe kò lè wá nítorí kòrónà.

Mo fà á ṣí. Dókítà Lín ló wà nínú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ètè rẹ̀ ti dúdú, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tutù rinrin. Láti ìgbà tí mo ti lọ jẹun ló ti há síbẹ̀. Kò ní fóònù lọ́wọ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé fóònù wọ ibi iṣẹ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá àwọn ìgò àyẹ̀wò mọ́ àyà, kò sí èyí tó fọ́. Ó wò mí, kò lè sọ̀rọ̀.

Ó padà síbi iṣẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò bọ̀ sípò mọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ tó padà, àwa méjì la jókòó sídìí tábìlì.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pè ọ́," ni ó wí, kò wo ojú mi. "Lẹ́yìn ìyẹn, ohùn mi lọ. Orúkọ tí ìyá rẹ ń pè ọ́ ni mo pè. Mo ní ìyẹn ni kò sẹ́ni tí kì í dá lóhùn."

"N ò gbọ́, mà."

"Mo gbọ́ bàtà rẹ, Flo. Ó dúró."

"N ò gbọ́ nǹkan kan, mà."

Ó na ìgò kan sí mi, ó pe nọ́ńbà rẹ̀, mo pè é padà. Kò sọ ọ̀rọ̀ kékeré rẹ̀. Ó kàn jọ̀wọ́ ìgò náà.

Irọ́ yẹn dùn mí ju sísá tí mo sá lọ. Ojú ló sì tì mí tí mo fi pa á. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun pè, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní òun kò gbọ́ ọ̀kan, báwo ni yóò ṣe bèèrè ẹni tó pe ìkẹta? Nígbà tí ọdún parí, ó fẹ̀yìn tì. Mo ní ibà ń ṣe mí, n kò lọ síbi tí wọ́n ti dágbére fún un. Èmi náà fẹ̀yìn tì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, n kò sì pè é rí. Ọdún mẹ́rin kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ní kí n sọ bóyá iṣẹ́ yìí dára, ó dára. Ẹ lọ kọ́ ọ. Ẹ̀rọ yóò ti yí padà kí ẹ tó débẹ̀, ìyẹn kò ní kí ẹ má lọ. Ẹ kàn mọ̀ pé ẹ̀yin ni wọ́n fi sínú ilé láti máa dáhùn, kí ẹ má sùn. Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, mo sùn.

Oṣù tó kọjá ni Bísí pè mí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni, Park Hill ló ń gbé, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú kan ní Staten Island.

"Auntie, ẹ gbọ́ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ wa o. Wọ́n gbé màmá Ṣáínà kan wá sí floor wa, ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ló gbé e wá. Kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́, kò sọ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Àbẹ̀kẹ́ ló ń pè ṣáá."

"Kí lo wí?"

"Àbẹ̀kẹ́! I swear, Auntie, bí ará Abẹ́òkúta ló ṣe ń pè é. Àwọn nọ́ọ̀sì rò pé èdè wọn ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń pè é, á dákẹ́, á máa tẹ́tí. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì. Kì í pé mẹ́ta. Èmi ò dáhùn o! Màmá mi ti kìlọ̀ fún mi."

Fóònù wúwo lọ́wọ́ mi. "O ṣeun tí o ò dáhùn," ni mo wí. "Èmi ni wọ́n ń pè."

Lọ́jọ́ kejì mo wọ bọ́ọ̀sì, mo wọ subway, mo wọ fẹ́rì. Kùrukùru bo omi, a ò rí ìlú lẹ́yìn wa, a ò rí erékùṣù níwájú. Mo mọ̀ọ́mọ̀ wọ bàtà iṣẹ́ mi àtijọ́.

Bísí mú mi gba kọ́rídọ̀ gígùn kan. Ko, ko, ko. Láti inú yàrá tó gbẹ̀yìn ni mo ti gbọ́ ọ.

"Àbẹ̀kẹ́."

Ẹsẹ̀ mi dúró. Mo bẹ ẹsẹ̀ mi, kò gbọ́. Inú yàrá náà dákẹ́, mo sì mọ̀ pé ó ń tẹ́tí sí bàtà mi tó dúró.

"Àbẹ̀kẹ́."

"Mà!" ni mo ké, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi yíjú. Mo wọlé.

Ó ti kéré bí ọmọdé lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo kúnlẹ̀. "Mo gbọ́ yín lọ́jọ́ náà, mà. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo gbọ́. Mo sá, mo sì parọ́ fún yín." Mo sunkún títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi. N ò mọ̀ bóyá ó yé e. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ mi mú bí ẹni di ìgò mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. A wà bẹ́ẹ̀ pẹ́ kí n tó rántí òfin. "Mà" kọ́ ni ìdáhùn. Ohun tí wọ́n bá pè ni èèyàn ń pè padà.

"Àbẹ̀kẹ́," ni mo wí.

Ètè rẹ̀ mì. Ó sọ ọ̀rọ̀ kékeré rẹ̀, wúyẹ́wúyẹ́. Ó ti padà dé. Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ mi, ó sì sùn lọ.

Mo dìde. Èmi àti Bísí ti dé ẹnu ilẹ̀kùn, à ń wo bó ṣe ń mí jẹ́ẹ́jẹ́, nígbà tí a gbọ́ ọ lẹ́yìn wa, láti kọ́rídọ̀ tí a gbà wọlé.

"Àbẹ̀kẹ́."

Bísí di apá mi mú, èékánná rẹ̀ wọ̀ mí lára. "Auntie, màmá yẹn ti sùn. Ẹnu ẹ̀ pa dé, mò ń wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáhùn."

Kò sẹ́nì kankan ní kọ́rídọ̀. Ohùn náà ń bínú díẹ̀, bí ohùn ẹni tí wọ́n ti dá dúró láti ọdún mẹ́rin.

"Mà," ni mo wí. "Mo gbọ́ yín, màámi."